Ìdí Tí Bàbá Fúnkẹ́ Fìka Tọ́ka Sí

Bí mo bá gbóòórùn sípíríìtì lára òwú, Ìlú-Àbọ̀ ni ọkàn mi ń lọ, sí ọdún tí ìrora mú bàbá Fúnkẹ́, ọkọ mi, ní ìdí, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí itan. Àgbẹ̀ kòkó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni oko rẹ̀. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Abímbọ́lá, ọmọ Oǹdó tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn abúlé wa. Abímbọ́lá fojú pín ìdí sí mẹ́rin, ó ní òkè lápá ìta ni òun yóò gún.

Ọkọ mi fìka tẹ ìsàlẹ̀. “Ibí ló ń dùn mí, ọmọ mi. Ibi tó bá yúnni là ń họ.”

“Bàbá, iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ yín ló wà níbẹ̀ yẹn. Bí abẹ́rẹ́ bá kàn án, ẹsẹ̀ lè rọ o.”

Ló bá so ṣòkòtò rẹ̀ padà, ó kọjá sọ́dọ̀ Délé oníkẹ́mísì. Délé kì í bá oníbàárà jiyàn. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún un, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin júwe ara rẹ̀.” Àwọn méjèèjì fi mí rẹ́rìn-ín. Bí abẹ́rẹ́ ti wọlé, ọkọ mi fò bí ẹni tí iná gbé. Délé ní oògùn ti bá àrùn náà ni. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, sílípáàsì bọ́ sílẹ̀, kò mọ̀.

Dókítà tó rí i ní Àkúrẹ́ ní abẹ́rẹ́ ti ba iṣan jẹ́. Ṣé ọkọ mi gbà? Ó ní Délé ò ṣẹ̀, Abímbọ́lá ló fi ẹnu ṣépè fún òun. Abúlé gbà á gbọ́. Wọn ò kí ọmọbìnrin yẹn mọ́ títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Bí mo bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn àna mi á ní ta ni mò ń gbèjà. Oko di ti alágbàro, ọkọ mi sì di ẹni tó ń jókòó síwájú ilé títí ikú fi dé.

A sin ín láìpẹ́ yìí. Délé wà lára àwọn tó gbé pósí. Gbogbo ènìyàn ń yìn ín, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lórí abẹ́rẹ́, ìwà rẹ̀ sì dára. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ohun tí opó ń ṣe nìyẹn. Ẹnu mi ṣì ń korò.