Imí-Eṣú àti Òwìwí Erékùṣù

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Onígíláàsì fi ń nu gíláàsì nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan gíláàsì rárá, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ tu imí-eṣú tó ń hù lójú àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ewéko olódòdó wẹ́wẹ́ yẹn, bó bá tu ú lónìí, á tún yọjú tó bá dọ̀la. Olóríkunkun pátápátá!

Ni ọ̀gá tuntun bá dé. Ó gbé òwìwí gbígbẹ kan, irú èyí tó ti tán láyé, sínú àpótí gíláàsì, ó ní òun fẹ́ gbé ewéko tó wà níbi gbogbo tì í, kí àwọn èèyàn lè fi wọ́n wé ara wọn. Ìyá hú imí-eṣú kan sínú ìkòkò fún un, ó sì sọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ sórí páálí láìfi àmì kankan sí i: IMI ESU.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹjọ́ fi dé. Àlejò kan kà á ní imí Èṣù, ló bá fariga pé irú ìsọkúsọ wo nìyí níwájú ọmọ òun.

Ọ̀gá pe Ìyá. "Ẹ̀yin lẹ sọ orúkọ burúkú yìí fún mi. Ẹ lọ bẹ àlejò náà, kí ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣì í sọ."

"Eṣú tó ń jẹ oko ni mo wí. Ẹ̀yin lẹ gbé àmì ohùn rẹ̀ mì. Mi ò ní í bẹ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́, àbí kí ẹ máa lọ sílé. Ìgbà tiyín ti kọjá, bíi ti òwìwí yìí."

Háà! Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá wọra. Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, àmọ́ tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ dáadáa.

"Erékùṣù kan ṣoṣo ni òwìwí yẹn mọ̀ láyé. Nígbà tí wọ́n kó ológbò dé bá a níbẹ̀, kò ríbi sá sí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sára páálí òwìwí náà, mo sì kà á. Èmi kì í ṣe òwìwí o, ọmọ mi. Imí-eṣú ni mí. Ibi tí ẹ bá gbá mi dà sí, ibẹ̀ ni màá ti yọ òdòdó."

Ó yọ bírò lápò ẹ̀wù ọ̀gá, ó fi gbogbo àmì náà sórí páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá bírò padà, ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ jáde. Nígbà tó dé orí àtẹ̀gùn, ó já àwọn òdòdó tó ti gbẹ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra wọ́n, ó sì fẹ́ wọn káàkiri. Hóró dúdú wẹ́wẹ́ wọ gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn náà ti sán.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe yẹn?" ni ọ̀gá ké láti ẹnu ọ̀nà.

"Ilé tí ẹ ní kí n máa lọ ni mò ń lọ. Ta ni yóò máa bá yín tu ú?"