Aago Ọwọ́ Balógun

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, pálọ̀ bàbá mi ló sì wà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí irú rẹ̀, onílẹ̀kùn pákó, tí wọ́n máa ń fi aṣọ bò bí ẹni pé òtútù ń mú un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, àwọn ará ilé kejì á gbé àpótí ìjókòó wọn wọlé. Òfin bàbá mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ, láti lọ bó ẹ̀gúsí.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, eré ogun ayé àtijọ́ ni, kí òyìnbó tó dé. Látọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ni mo ti ń dúró láti mọ̀ bóyá Balógun á padà délé láàyè. Ó gbé idà sókè báyìí, nǹkan kan tàn yanran lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu, ẹnu kò gbà.

“Aago! Balógun wọ aago!”

Bàbá mi kò wojú mi. Wọ́n kàn nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo ń bó ẹ̀gúsí, mo ń sunkún, mo sì ń gbọ́ ìró idà láti pálọ̀. Kò pẹ́ ni ohùn bàbá mi ròkè ju ti Balógun lọ:

“Ẹ wò ó! Òpó iná wà lẹ́yìn ọba! Ta ló ń tanná fún wọn nígbà yẹn?”

Ẹ̀rín sọ. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Àlàbí, o ti sọ̀rọ̀.”

“Ìyá, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kẹ́kọ̀ọ́ ni.”

“Ẹ̀gúsí ń dúró dè ọ́. Má dí mi lójú.”

Bàbá mi fa àpótí wá, wọ́n jókòó tì mí. “Bù díẹ̀ fún mi,” ni wọ́n wí. Omijé mi gbẹ. Tí ẹ̀rín bá tún sọ ní pálọ̀, àwa méjèèjì á máa méfò àṣìṣe tí wọ́n tún rí.

“Bàtà onírọ́bà ni,” ni bàbá mi á wí.

“Rárá sà, mọ́tò ló kọjá.”

Nígbà tí eré parí, Ìyá àgbà wá jíṣẹ́ fún wa: “Balógun ti délé. Ẹni tó ní aago lọ́wọ́, báwo ló ṣe máa pẹ́?”

Lóde òní, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní eré tirẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ń rí àṣìṣe jù wá lọ, torí wọ́n lè dá eré padà wò, ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń dá rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ yín, ẹ pè wọ́n jọ, kí ẹ jọ wò ó, kí wọ́n tọ́ka sí ohun tí kò bá ìgbà mu. Tí ẹ bá sì ṣòfin, tí ẹ̀yin fúnra yín rú u, ẹ fa àpótí yín lọ sẹ́yìnkùlé.