Jìtá Béèsì Ilé Bàbá Sẹ́nàmi

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó kọjá, mo wà nídìí ààrò, mò ń yí ẹja nínú epo, ni mo gbọ́ ìró kan láti yàrá ọmọ mi obìnrin. Kì í ṣe orin. Okùn irin tó nípọn ni, tí ẹnì kan ń fà le díẹ̀díẹ̀, tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹja. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti gbọ́ irú ìró yẹn nítòsí mi gbẹ̀yìn, síbẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ṣíbí ńlá lọ́wọ́ mi, epo ń kán sílẹ̀.

"Ṣé o ti yọ ọ́ lójú iná?"

"Màmá mi, mi ò tíì kì í bọ ojú iná rárá. Okùn ni mò ń pààrọ̀."

"Bàtà ẹ dà?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti bàtà! Ẹja yín ń jóná o, mà."

Ẹja náà jóná lóòótọ́. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Láti ọjọ́ tó ti gbé jìtá béèsì náà wálé ni mo ti ń bi í ní ìbéèrè méjì yẹn, kò sì yé e. Mi ò rí i sọ lẹ́nu, nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́, fún òun àti fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ rò pé àwa ìyá yín kò mọ nǹkan kan nípa jìtá.

Àgbádárìgì ni a ń gbé, ní ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà. Tí o bá dúró lẹ́yìn ilé wa, wàá rí Gberefu ní òdìkejì: ọ̀sà wà níwájú rẹ̀, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀, iyanrìn àti igi àgbọn sì ni gbogbo ohun tó wà láàárín. Ibẹ̀ ni ilé Sẹ́nàmi. Bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti ẹ̀ jọ ń jókòó sí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Láràárọ̀ ni ọkọ̀ ń gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa, tó bá sì di Sátidé, èmi náà á wọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀ ń kàn. Ègùn ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń dúró láàárín ọ̀nà láti wá ọ̀rọ̀ tó kàn. Ìjọ aláṣọ funfun kan wà ní abúlé náà. Àwọn ara ìlú ta wọ́n lọ́rẹ jìtá béèsì kan tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́, wọ́n sì gbé e fún Bàbá Sẹ́nàmi nítorí pé ó mọ igi. Kò tíì fọwọ́ kan jìtá rí láyé rẹ̀. Ó tú u palẹ̀ lórí ẹní, ó wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó sì tò ó padà. Nígbà tí kò rí ọkùnrin kankan tó ráyè kọ́ ọ nítorí pé gbogbo wọn ń lọ sójú omi, ó pe àwa ọmọbìnrin méjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wá.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ wa ni pé atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí ọrùn jìtá tọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, yóò ti tẹ̀, okùn yóò sì ga sókè débi pé ìka ọmọdé kò ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irin kan wà nínú ọrùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ yí láti orí rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin àyípo ni, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. "Igi ń ronú," ni yóò wí. "Ẹ jẹ́ kó ronú tán." Tó bá di ọjọ́ kejì, yóò ti kọ́bọ̀ àtijọ́ kan sábẹ́ okùn láàárín ọrùn. Bí kọ́bọ̀ náà bá há, okùn ti wálẹ̀ jù. Bó bá jábọ́, okùn ṣì ga. Bó bá kọjá tó sì fẹnu kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ parí.

A kì í rí okùn tuntun rà. Iyọ̀ òkun ló ń jẹ wọ́n. Lóṣooṣù, a ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó sè wọ́n nínú omi ọṣẹ fún ogún ìṣẹ́jú, a ó wá sá wọ́n sórí àwọ̀n. Ìkòkò ẹja ìyá Sẹ́nàmi ni a fi ń sè wọ́n, nítorí náà òórùn ọbẹ̀ kì í kúrò lára jìtá wa, ológbò kan sì wà tí kì í pa ìkẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní orúkọ. Bàbá ni èyí tó nípọn jù, Ìyá ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn náà Àbúrò. Ọwọ́ Sẹ́nàmi yára ju tèmi lọ. Nígbà tí ìka mi bá lé ròrò tí mo sì ń fẹ́ ẹ lẹ́nu, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ ìlú! Ìka bí àkàrà gbígbóná! Fi Bàbá sílẹ̀, Ìyá ló kàn!"

Àyè kan nìkan ló wà nínú ilé iṣẹ́ náà tí ara mi kì í balẹ̀ sí. Igun tí áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jìtá sókè, wà ni. Bàbá Sẹ́nàmi fi ara rédíò àtijọ́ àti sípíkà kan kàn án sínú àpótí gígùn kan, dúdú, tó ṣe mí bíi pósí ọmọdé. Tí wọ́n bá ti so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, hùn-ùn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Lọ́jọ́ kan tí mo di okùn mú tí ẹsẹ̀ mi òsì sì kan iyanrìn tútù, nǹkan kan bù mí jẹ láti inú egungun ìka dé ìgúnpá. Mo ju jìtá sílẹ̀. Bàbá Sẹ́nàmi kò bínú nítorí jìtá. Ìka mi ló kọ́kọ́ wò, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Iná ń jò níbì kan," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá a. N kò tíì rí i."

Ó kan pákó kan, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní fífẹ̀, ó kùn ún ní ọ̀dà tí wọ́n ń fi ń kun ọkọ̀ kí omi má baà ráyè wọ̀ ọ́. Ó gbé òfin kalẹ̀: ẹni tí kò bá wọ sálúbàtà rọ́bà, tí kò sì dúró lórí pákó, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn. Ó tún ní tí iná bá gbé ẹnì kan, ẹ má dì í mú o, iná ni kí ẹ sáré lọ já.

Èmi pa òfin náà mọ́. Sẹ́nàmi ní tirẹ̀ a máa dúró títí bàbá rẹ̀ yóò fi yíjú, á wá fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀. Ara rẹ̀ á gbọ̀n, á sì rẹ́rìn-ín. "Ó ti jí," á wí.

"O máa pa ara ẹ ni!"

"Kó tó pa mí, á ti kọ́kọ́ dùn. Ìwọ tí iná kì í ta, ṣé jìtá kankan lò ń ta náà?"

Nígbà tí ìkórè ìjọ náà dé, Sẹ́nàmi ni wọ́n yàn pé kó ta béèsì. Wọ́n fún èmi náà ní aṣọ funfun wọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ fẹ́ wa ọkọ̀ lọ kó àwọn àlejò wá láti ìlú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè mí padà. "Pákó. Ìwọ ni mo fi í lé lọ́wọ́, nítorí pé ìwọ lo mọ ẹ̀rù."

Mo gbé pákó náà rù. Ìyá Ìjọ, obìnrin gíga kan tí gbogbo abúlé ń bẹ̀rù, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo gbé yẹn?"

"Pákó ni, mà. Sẹ́nàmi ló máa dúró lé e."

"Ṣé kì í ṣe òun lẹ máa ń fi bàtà tẹ̀ ní ilé iṣẹ́ bàbá ẹ̀?"

"Òun ni, mà."

"Òun lo wá fẹ́ gbé wọ ibi mímọ́? Gbé e sí ìta níbẹ̀ yẹn, jàre."

Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà nínú ìjọ náà. Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n sọ pé, "Mà, iná máa gbé e." Gbólóhùn kan péré ni. Ohun tí mo sọ ni, "Ó dáa, mà," mo sì gbé pákó náà ti igi àgbọn kan. Nígbà tí mo wọlé, mo rí i pé wọ́n ti wọ́n omi sí iyanrìn ilẹ̀ kí eruku má baà sọ lára aṣọ. Wọ́n ti gbé àpótí dúdú náà wá, wọ́n ti so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, Sẹ́nàmi sì ti gbé jìtá kọ́rùn. Ó wo ọwọ́ mi tó ṣófo, ó sì ṣẹ́jú kan sí mi.

Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ní èkejì, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, béèsì dákẹ́ láìròtẹ́lẹ̀, kíkùn àpótí náà nìkan ló kù, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, tí orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, tí eyín rẹ̀ pàdé gbagidi.

"Ẹ̀mí ti bà lé e!" ni ẹnì kan kígbe.

Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn obìnrin sún sẹ́yìn láti fún un láyè, nítorí pé wọn kì í fọwọ́ kan ẹni tí Ẹ̀mí bà lé. Mo ti rí irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀ Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí mo rí, wọ́n máa ń dijú ni. Ojú Sẹ́nàmi là sílẹ̀. Èmi ló ń wò.

"Iná ni! Iná ló gbé e!"

Agogo gbé ohùn mi mì. Ìyá Ìjọ ti di ọwọ́ aṣọ mi mú. "Má dí Ẹ̀mí lọ́wọ́, ìwọ ọmọ yìí!"

Mo fa ara mi yọ, aṣọ náà ya ní èjìká, mo sáré gba ẹ̀yìn jáde. Lẹ́yìn ìgbà náà mo padà lọ ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí jẹnẹrétọ̀. Méjìlélógún ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, nítorí náà ọwọ́ méjèèjì ni mo fi fa wáyà náà yọ.

Kíkùn náà dákẹ́. Agogo dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo padà wọlé, Sẹ́nàmi ti nà sílẹ̀, jìtá wà láyà rẹ̀, kò sì mira. Mo rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́.

Ìlà dúdú mẹ́rin wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn àlejò, ó wo ilẹ̀ tútù, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó bi mí pé, "Pákó dà?" Mo nawọ́ sí igi àgbọn. Kò tún sọ nǹkan kan sí mi nípa rẹ̀ títí di òní. Àáké ló fi fọ́ àpótí náà lọ́jọ́ kejì. Ìyá Ìjọ ní tirẹ̀ dìde níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní ọmọ ìlú kan já iṣẹ́ tí Ẹ̀mí ń jẹ́ fún abúlé náà láàárín.

Èyí kò dùn mí tó ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé ọsàn lọ kí Sẹ́nàmi. Ó kọjú sí ògiri.

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá mi sọ," ó ní. "Ìwọ lo pa á lẹ́nu mọ́."

"Sẹ́nàmi, o ń kú lọ ni!"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó kúrò lórí bẹ́ǹṣì wa. Kí táàmù náà tó parí, ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ẹnubodè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń jí lójijì, tí mo ń bi ara mi pé ta ló wà nítòsí rẹ̀ níbẹ̀ tó mọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà.

Ọdún méjì sẹ́yìn, mo lọ ra èlùbọ́ ní ọjà Agbalata. Mo gbọ́ obìnrin kan tó ń fi Ègùn bá aláta jà, ohùn rẹ̀ ga ju ti gbogbo ọjà lọ. Mo yíjú. Sẹ́nàmi ni, ọmọbìnrin kan tó ti gùn jù ú lọ sì dúró tì í. Sẹ́nàmi náà yíjú, ó rí mi, ó sì mọ̀ mí. Ó pòṣé tó dún dé ìdí èlùbọ́, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ ata rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, inú mi ń dùn débi pé ẹlẹ́lùbọ́ bi mí bóyá ara mi dá.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Inú ọ̀rá ni okùn jìtá ń gbé wá báyìí, fóònù ló sì ń sọ fún ọmọ mi bí okùn bá ti le tó. Púlọ́ọ̀gì áńpù rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ní ẹsẹ̀ kẹta ni kì í jẹ́ kí iná ta ènìyàn. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun ṣì ń tẹ ọrùn jìtá, wọ́n ṣì ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ náà, àwọn ọmọ sì ṣì ń dáhùn pé "Ó dáa, mà" fún àgbàlagbà tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Gberefu ni wọ́n ti pe ọmọ mi láti wá ta béèsì. Mo sọ fún un pé èmi náà ń bọ̀, pé n kò ní jókòó sínú ìjọ, ìdí jẹnẹrétọ̀ ni n ó dúró sí.

"Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ máa dójú tì mí. Mo máa bínú sí yín o."

Mo ní kó bínú. Mo mọ ẹnì kan tó ti ń bínú sí mi fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ohùn rẹ̀ ṣì le tó bẹ́ẹ̀ láti ná ata.