Ẹ Pa Fáànù Yẹn Ná

Ẹni tó bá rí Olúfúnkẹ́ nídìí iṣẹ́ báńkì kò lè mọ̀ pé ọ̀gá ni nínú géèmù bọ́ọ̀lù. Ó wá ra láptọ́ọ̀pù géèmù tí kò ní gbọ́n àpò rẹ̀ gbẹ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Siluko Road. Ọlájídé tó ń tajà níbẹ̀ gbé ọ̀kan tó ń dán gbinrin síwájú rẹ̀, ó búra pé kì í gbóná. Àmọ́ fáànù ńlá kan ló kọjú sí láptọ́ọ̀pù náà!

"Pa fáànù yẹn!" Olúfúnkẹ́ ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá géèmù bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ láti dán an wò.

Kí eré tó dé ìdajì, láptọ́ọ̀pù ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì dúró gbagidi. Olúfúnkẹ́ fa ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti họ, tí kò sì wọ́n, jáde láàárín ọjà. Ìyẹn gbé eré náà dópin láìgbóná. Ọlájídé ní káwọn jọ gbá a. Olúfúnkẹ́ fi góòlù mẹ́ta nà án.

Bí Ọlájídé ṣe ń di ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù tí Olúfúnkẹ́ rà náà fún un, òógùn bò ó. "Àǹtí, ṣé kí n tan fáànù wàyí?"

"Tàn án. Àmọ́ ara ẹ ni kó o kọjú ẹ̀ sí."