Àlàmú àti Ìlú Inú Yanrìn

Ní gbogbo Ìkọ̀yà, Benedict Àlàmú nìkan ló ti fojú ara rẹ̀ rí aṣálẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe ní Ńgúrù lókè Ọya, níbi tí ojú irin parí sí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó padà wálé lọ́dún 1965, a ń retí kẹ̀kẹ́, a ń retí rédíò. Àpótí pákó kan àti ìtàn kan ló gbé dé.

Ó ní òun tẹ̀ lé àwọn oníyọ̀ tó ń fi ràkúnmí ṣòwò, àwọn sì dé ìlú kan tí kò sí èèyàn níbẹ̀ mọ́ láti ayébáyé. Ògiri ṣì dúró. Yanrìn ti kún inú ilé dé ojú fèrèsé, kànga ti gbẹ. Ó wọ ilé kan, ó bá ààrò níbẹ̀, ó bá ọlọ tí wọ́n fi amọ̀ mọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe mọ tirẹ̀ nílé. Ó ní ibẹ̀ làwọn baba wa ti ṣí wá.

Ó jẹ́ ẹ̀rí yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Àwa tí à ń ka ìrìn Ísírẹ́lì nínú aginjù, kò ṣòro fún wa láti gbà á gbọ́. Èmi náà ṣe àmín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mò ń rò ó bí àwọn baba wa, tí wọn kò lè jẹ púpurú láìsí ẹja, ṣe gbé níbi tí kò sí odò.

Ọlátúndé àbúrò rẹ̀ kò ṣe àmín. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá ló yàtọ̀. Òun ló ti ń dá kọ ẹyìn nínú igbó ọ̀pẹ bàbá wọn látìgbà tí Àlàmú ti wà lókè Ọya, nígbà tí Àlàmú sì bèèrè ìpín tirẹ̀, ọ̀rọ̀ di ìjà. Ọlátúndé sọ ọ́ lórúkọ, ó ń pè é ní Ará Yanrìn. Bí Eunice ìyàwó Àlàmú bá lọ sódò, wọn a bi í bóyá ràkúnmí ọkọ rẹ̀ ti jẹun.

Níkẹyìn, lọ́dún kẹta tí Àlàmú padà wálé, Ọlátúndé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Bàbá Aníwúrà, olórí agboolé wọn. Ilé méjì ló wà nínú agboolé náà, ilé Ọláìtán, tí Àlàmú àti Ọlátúndé ti wá, àti ilé Aníwúrà. Baba wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ àwọn baba ọ̀hún jọ ṣán igbó náà ni. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá ní òun ni ọ̀pẹ yóò fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, yóò ka àwọn baba rẹ̀ títí dé orí ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó. Bó bá dárúkọ ìlú mìíràn pẹ́nrẹ́n, ó ti di àlejò, ọ̀pẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tí baba rẹ̀ ti ibì kankan wá. Gbogbo wọn ṣáà wà níbẹ̀ ni.

Eunice bẹ ọkọ rẹ̀ kó sọ pé Ìkọ̀yà. Wòlíì Olúmidé wa náà ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú dídákẹ́.

Àlàmú fọwọ́ kan ọ̀pẹ, ó ka bàbá rẹ̀ Mákánjúọlá, ó kà dé orí Ọláìtán.

Ọlátúndé bi í pé, “Ọláìtán ńkọ́? Níbo lòun ti wá?”

Gbogbo ojú wà lára Àlàmú. Ó fúnra rẹ̀ mú ọwọ́ kúrò lára ọ̀pẹ.

“Ìlú inú yanrìn ni. Mo rí ààrò wọn. N ò lè ní n ò rí i nítorí ẹyìn.”

Ọlátúndé rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Aníwúrà jẹ́ kó rín in tán.

“Ọlátúndé, Ọláìtán tí ẹ̀gbọ́n rẹ dárúkọ yìí, baba ta ni?”

“Bàbá, baba wa ni, àmọ́ èmi ò sọ pé…”

“Ìwọ lo bèèrè, ẹ̀gbọ́n rẹ sì dáhùn. Ará yanrìn ni yín, ẹ̀yin méjèèjì. Àwọn ọmọ mi ni yóò máa kọ ẹyìn ibẹ̀.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọlátúndé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kó padà lọ sọ fún Bàbá Aníwúrà pé irọ́ lòun pa.

Àlàmú dáhùn láti inú ilé pé, “Lọ sọ fún un pé ìwọ kì í ṣe ọmọ Mákánjúọlá. Ìyẹn náà á gba ọ̀pẹ rẹ fún ọ.”

Kò sẹ́ni tó lọ nínú wọn. Wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Àlàmú fi kú lọ́dún 1972. Eunice, tó ti fi ọdún mẹ́ta múra àtifọ epo tirẹ̀ nínú ẹyìn ìpín ọkọ rẹ̀, wá ń gbé ìgò lọ sọ́dọ̀ ìyàwó Bàbá Aníwúrà láti ra epo. Ìyàwó náà a sì máa bi í, pẹ̀lú ẹ̀rín, bóyá wọ́n ń jẹ epo níbi tí wọ́n ti wá.