Àtíkè Màámi Lára Ẹ́ńjìnnì Bàámi

Níbikíbi tí òórùn àtíkè bá ti pàdé òórùn ọ́ìlì ọkọ̀, kíá ni mo máa ń padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mo dúró lórí àpótí nínú agbo ilé wa ní Ẹdẹ, tí mo tẹ orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Bàámi ní òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò kan náà, ẹ ó mọ irú ọkọ̀ tí mò ń wí: ọkọ̀ tó dàgbà ju gbogbo ọmọ ilé lọ, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì àfi téèyàn bá kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Bàámi, ilé ẹ̀kọ́ wọn sì kọjá Sẹ̀kọ̀nà. Láràárọ̀, bí ọkọ̀ bá ti jáde tán, àbàwọ́n dúdú kan á wà nílẹ̀, tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Màámi á da iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọn á gbá a, wọn á sì máa bú ọkọ̀ náà. Orogún ni wọ́n ń pè é. "Orogún mi tún ti tọ̀ sílẹ̀ o!" Gbogbo agbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á gbé ìgò omi mi, mo di ilé ẹ̀kọ́.

Mẹkáníìkì wa ti pààrọ̀ rọ́bà ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹta, níbi tí ọ́ìlì ti ń kán. Pàbó ló já sí. Ìgbà náà ni Bàámi sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣì dì mú dòní: "Ibi tó ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti ń jò." Wọ́n ní òkè ni ọ́ìlì lè ti jáde, á tọ ara irin bọ̀ wálẹ̀, atẹ́gùn á gbé e sẹ́yìn, kó tó wá ríbi kán.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, Màámi ti lọ ra iṣu tí wọ́n ń tà ní Sẹ̀kọ̀nà. Bàámi fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n ní kí n mú àtíkè wá. Àtíkè tí gbogbo wa ń lò ti tán. Èmi tí mo fẹ́ràn Bàámi ju ìrẹsì ọjọ́ ọdún lọ, mo ṣí àpótí Màámi, mo mú èyí tí ẹ̀gbọ́n wọn mú bọ̀ láti Mẹ́kà. Màámi kò tíì ṣí i rí, Iléyá ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ dè.

Bàámi wo agolo náà, wọ́n wo ojú mi. "Rìsì, ti ìyá ẹ kọ́ nìyí?"

"Òun ni, Bàámi."

Wọ́n ṣí agolo náà. "A ó ra òmíràn kí ọdún tó dé. Má jẹ́ kó jò o!" Ẹnu mi ni wọ́n ń bá wí. Ta ni ò mọ̀ pé ẹnu mi ń jò bí ajere?

A da àtíkè sára ẹ́ńjìnnì títí ó fi funfun báláú. Ọwọ́ mi kékeré ló ń dé kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí ọwọ́ Bàámi ò lè wọ̀. A wa ọkọ̀ dé afárá odò Ọ̀ṣun, a padà sílé, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ìdérí òkè pátápátá, ó la inú funfun náà kọjá sísàlẹ̀. Rọ́bà abẹ́ ìdérí yẹn ló ti gbó, tí a wá ń yọ ti ìsàlẹ̀ lẹ́nu. Bàámi gbé mi sókè, wọ́n ń jó. Wọ́n ní tó bá di Mọ́ńdè àwọn á ra rọ́bà tuntun.

Màámi dé lọ́sàn-án, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún Bàámi, wọn ò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọn ò tilẹ̀ bú orogún wọn. Ìdákẹ́jẹ́ ilé yẹn dẹ́rù bà mí ju ẹgba lọ. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, bí mo ṣe ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, mo rí i pé Màámi ń di ẹrù. Aṣọ tiwọn nìkan ni, kò sí tèmi níbẹ̀.

Bàámi wọlé. "Ìyá Rìsì, ó di ibo?"

"Ilé bàbá mi." Màámi ò gbójú sókè. "Ta ni obìnrin Sẹ̀kọ̀nà?"

"Obìnrin wo?"

"Èyí tí ọkọ̀ yín ń kán ọ́ìlì síwájú ilé rẹ̀. Ṣé mi ò mọ àbàwọ́n tí mò ń gbá láràárọ̀ ni? Àwọn oníṣu ní kò sí ọjọ́ iṣẹ́ tí ẹ kì í dúró níbẹ̀."

Bàámi bú sẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. "Ìyá tó ń ta ọ́ìlì ni! Kí n tó dé ibẹ̀, ọ́ìlì á ti lọ sílẹ̀, mo ní láti bù kún un!"

"Ó dáa. Ṣé ó ń ta àtíkè náà ni?" Màámi na bùbá tí Bàámi wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé sókè. Àtíkè wà lọ́rùn aṣọ, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. "Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún o, Bàbá Rìsì!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Bàámi. Wọ́n wò mí, wọ́n yára gbójú kúrò, wọn ò fẹ́ dárúkọ mi. Èmi náà ti ṣèlérí. Ṣùgbọ́n mo wo ẹrù yẹn nílẹ̀, mo bú sẹ́kún. "Àtíkè yín ni, Màámi! Ti Mẹ́kà! Èmi ni mo mú un! Ara ọkọ̀ la dà á sí!"

Màámi yẹ àpótí wọn wò, wọn ò bá agolo níbẹ̀. Wọ́n jáde síta, Bàámi tẹ̀ lé wọn, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì ṣì funfun, ìlà dúdú sì wà lára rẹ̀ ketekete. Bàámi na ìka sí i. "Ibi tó ti ń jò nìyí."

Màámi wò ó títí. "Orogún tí mò ń bú láràárọ̀," wọ́n ní, "òun lẹ wá kó àtíkè Iléyá mi kùn fún!" Ẹ̀rín gbé wọn débi pé wọ́n di ọkọ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà mí létí dáadáa nítorí àfọwọ́rá mi, kò tilẹ̀ dùn mí. Ẹrù ni mò ń wò, títí wọ́n fi tú u. Bàámi ra rọ́bà lọ́jọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ gbẹ, Màámi dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọn ò mọ ohun tí wọn ó bú.

Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí mo lọ kí wọn nílé, Bàámi fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Sẹ̀kọ̀nà, díẹ̀ ló kù ká gbá ọlọ́kadà kan. Bàámi ò rí i rárá. Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní dókítà ti sọ pé ojú àwọn ò dáa mọ́, kí àwọn má wakọ̀ mọ́. "Rìsì, má jẹ́ kó jò o."

Kò sì jò. Mo ti dàgbà, mo ti mọ bí èèyàn ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú, kó máa pè é ní ọ̀wọ̀ àgbà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pe Màámi lórí fóònù, tí mò ń bi wọ́n léèrè òjò àti iye tí iṣu ń lọ. Bẹ́ẹ̀, Bàámi ṣì ń wakọ̀. Lánàá, mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo pe Màámi, mo ní ọ̀rọ̀ kan wà nípa Bàámi àti ọkọ̀.

"Mo ti rí i tí ara ọkọ̀ họ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ni, àbí?"

"Ojú ni, Màámi."

"Màá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn lónìí." Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ìgbà tó yá, wọ́n ní, "Rìsì, o pẹ́ o. Nígbà tó o wà ní kékeré, kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó o tó jò."