Ọ̀gá Iwin àti Fíìmù Tí Kò Ní Iwin

Mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ọ̀gá mi níléeṣẹ́ ìròyìn ló sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ládùúgbò kejì tó ń fi títún fíìmù adẹ́rùbani àtijọ́ ṣe jẹun. Mo ní irú fíìmù wo. Ó ní èyí tó burú jù lọ ni, àwọn tí kò sówó nídìí wọn, tí àwọn òṣèré ń wọ aṣọ ilé ara wọn ṣeré, tí gbogbo ògiri sì ń mì tí ẹnikẹ́ni bá ti ilẹ̀kùn. Mo bi í pé ta ló ń rà á.

"Ìwọ ni oníròyìn," ó ní. "Lọ bi í."

Ọ̀gá Iwin ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọdé máa ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, á sì dá wọn lóhùn. Yàrá tó yẹ kó jẹ́ ti àlejò ló fi ṣe ibi iṣẹ́: kọ̀ǹpútà kan, tábìlì gígùn tó fi gíláàsì ṣe ojú rẹ̀, tí iná ń tàn lábẹ́ gíláàsì náà, àti agolo fíìmù pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó tò kan àjà. Òórùn kíkan gba gbogbo ibẹ̀. Ó ní bí fíìmù ṣe máa ń rùn nìyẹn tó bá ti darúgbó. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà.

"Òórùn àwọn òkú rẹ̀ ni," obìnrin náà kígbe láti ilé ìdáná. "Orí àga ni àlejò wa ń sùn nítorí tiwọn!"

Ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí fóònù tó gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ibẹ̀ pa, wọ́n ní kí oníkálukú mú ohun tó bá wù ú. Àwọn yòókù mú àga àti fáànù. Òun mú agolo fíìmù kan tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ tó rí nígbà tó gbé e sójú iná ni ti obìnrin kan tó la ẹnu gbàgà, tó ń pariwo, ó sì fẹ́ mọ ohun tí obìnrin náà rí.

"Ṣé ẹ wá mọ̀ ọ́n?" ni mo bi í.

"Ẹja ni. Ẹja rọ́bà." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mo ti wò ó dé ìparí kí n tó mọ̀."

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Á fi aṣọ rírọ̀ nu fíìmù náà, á lẹ ibi tó ti já, á wá fi í sínú ẹ̀rọ kan tó ń ya àwọn àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà á wá máa fi àwòrán kọ̀ọ̀kan wé èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ohunkóhun tó bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún láti àwòrán kan sí èkejì, ìdọ̀tí ni lójú rẹ̀, á sì pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Iwin á tún ohùn rẹ̀ ṣe, á tẹ̀ ẹ́ sórí díìsìkì, á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wò ó nílé. Ó fi ọ̀rọ̀ wọn hàn mí lórí fóònù rẹ̀: olùkọ́, awakọ̀, ìyá ọlọ́mọ kan tó ní ìgbà tí òun bá ń lọ aṣọ lòun máa ń wò ó. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Fíìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Ìdílé kan kó dé ilé tuntun, iwin sì wà lórí àtẹ̀gùn. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé a ò rí iwin náà rárá. Àwọn òṣèré á wo àtẹ̀gùn, ojú wọn á yí padà, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwa tí à ń wò ó, àtẹ̀gùn lásán là ń rí.

"Wo ọgbọ́n olùdarí yìí," ó ní. "Kò fi nǹkan kan hàn ọ́. Orí tìrẹ gan-an ló ń bá ọ dá iwin náà."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Ó ti kọ ọ́ sẹ́yìn páálí díìsìkì náà pé: *Iwin tí ojú kò rí*.

Nínú gbogbo àwọn tó lọ́wọ́ nínú fíìmù yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé, ìyá àgbà kan tó ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀. Ó gbọ́ pé Ọ̀gá Iwin ń tún un ṣe, ló bá pè é lórí fóònù. "Èmi ni mo ṣe iwin náà," ó ní. Ọ̀gá Iwin gbà pé wọ́n ti gé ibi tí ìyá náà ti ṣeré kúrò ni. Ó ní kó wá wò ó kí òun tó tẹ díìsìkì náà jáde.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá. Nọ́ọ̀sì ni, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sínú ìwé ìròyìn o. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé Mọ́mì ṣe iwin. Àlejò ò ní tíì jókòó tán tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ní kó yéé sọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú fíìmù, fọ́tò kan ò sí. Mo kàn mú un wá kó fojú ara rẹ̀ rí i pé òun ò sí níbẹ̀, kí gbogbo wa lè sinmi."

"Etí mi ò tíì di o," ni ìyá rẹ̀ wí lẹ́yìn wa.

A jókòó. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan ibi àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, tí àwọn òṣèré sá, ìyá àgbà náà tẹ ara síwájú.

"Ta ni wọ́n ń sá fún?"

"Iwin ni, Mọ́mì," ni Ọ̀gá Iwin dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Iwin ọ̀hún dà?"

"A ò lè rí i. Ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyẹn."

"Ọgbọ́n ta?" Ìyá náà dìde, ó lọ bá tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka kan àtẹ̀gùn náà. "Ibí ni mo wà. Ibí gan-an. O ti nu mí kúrò!"

"Mọ́mì, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. Ojú ti ń tì í.

"Mo ti wò ó láìmọye ìgbà, Mọ́mì," ni Ọ̀gá Iwin wí. "Ẹnì kankan ò dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn."

"Ta ló ní mo dúró níbẹ̀? Èmi tí mi ò dé ibi tí wọ́n ti ya fíìmù náà rí!"

Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni pé, ṣé ẹ gbọ́? Mo gbọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo ti pa ìwé mi dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan ń yọ mí lẹ́nu.

"Mọ́mì, 'ṣe' wo lẹ ń sọ? Ṣé ẹ ṣeré iwin ni, àbí ẹ fi ọwọ́ ṣe é?"

"Abẹ́rẹ́ ni mo fi ṣe é!" Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi rán aṣọ.

Òkè ṣọ́ọ̀bù tí ìyá náà ti ń ránṣọ ni olùdarí fíìmù náà ń gbé nígbà yẹn. Ó ti ya fíìmù tán kó tó rí i pé owó tí òun fẹ́ fi ṣe iwin ti lọ. Ló bá gbé fíìmù náà wá fún aránṣọ, ó ní kó bá òun fi abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù ha iwin sára àtẹ̀gùn náà, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Ó ní òun á kọ orúkọ mi sí i. Nígbà tó yá, ó ní àyè ò sí mọ́."

"Ẹ ò sọ ti abẹ́rẹ́ fún wa rí," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Ṣé ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán rí ni?"

Ọ̀gá Iwin ti lóye kí àwa tó lóye. "Ó ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún," ó sọ ọ́ bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ èèyàn kì í ha nǹkan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà sì ti kà á sí ìdọ̀tí, ó ti pa á rẹ́ kí Ọ̀gá Iwin tó bẹ̀rẹ̀ sí wo fíìmù náà. Àwọn àwòrán tó kọ́kọ́ yà sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó nu ìdọ̀tí kúrò lára wọn, ńkọ́? Ó ti pa wọ́n rẹ́, torí àyè ò tó nínú kọ̀ǹpútà. Fíìmù inú agolo nìkan ló kù.

Ó ń ṣí agolo náà lọ́wọ́ nígbà tí mo bi ìyá àgbà pé kí ni iwin náà wọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó wò ó.

"Gáùn gígùn. Mo sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó-tó-tó yíká, mo ṣẹ́tí rẹ̀. Aránṣọ ni mí. Iwin ò lè ti ọwọ́ mi jáde pẹ̀lú aṣọ tí wọn ò ṣẹ́tí."

Ọ̀gá Iwin na fíìmù náà sójú gíláàsì, ó sì na awò tó ń mú nǹkan tóbi sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tẹríba wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo rí ìlà rẹpẹtẹ, bí òjò tó ń rọ̀ sórí ilé kan, àti láàárín òjò náà, obìnrin kan tí kò ju èékánná lọ, tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mọ́mì," ni nọ́ọ̀sì wí, "ó ṣẹ́tí lóòótọ́."

Ọ̀gá Iwin kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n má retí díìsìkì náà mọ́ títí òun á fi sọ̀rọ̀. Ó fa páálí tó ti kọ̀wé sí ya. Ó tún fíìmù náà yà sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyókù iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un mọ́. Ọwọ́ ni yóò fi pa ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè sọ èyí tó yẹ ní pípa.

Nígbà tí mo tún lọ síbẹ̀, Ọ̀gá Iwin àti ìyá àgbà ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ìyàwó rẹ̀ sì ti gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn ìyá àgbà.

"Ìdọ̀tí," ni ìyá náà ń wí. "Ìdọ̀tí. Ìdọ̀tí. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀, èmi nìyẹn."

Mo bi Ọ̀gá Iwin bóyá ó dá a lójú pé ẹnikẹ́ni lè rántí gbogbo ìyẹn. Ó ní kò dá òun lójú. "Ṣùgbọ́n tó bá ti ní òun ni, màá fi í sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì dé láti ibi iṣẹ́. Kò jókòó. Ó dúró sẹ́yìn àga ìyá rẹ̀, ó ń wò, títí ó fi na ìka sí ìlà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdìmú àtẹ̀gùn.

"Èyí ńkọ́, Mọ́mì?"

"Ìdọ̀tí nìyẹn."

"Ẹ tún un wò dáadáa," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ó jọ iṣẹ́ ọwọ́ yín."